Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ́ńjìn ọkọ̀ ojú omi tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì fa okùn ẹ̀

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kíkà ni tèmi, mi ò kì í kọ lẹ́tà, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ gbé jáde lójú ewé iṣẹ́ ọwọ́ nípa àwọn ẹ́ńjìn àtijọ́ kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Ẹ ní béèyàn bá ní àútbọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹ́ńjìn tí wọ́n ń dì mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, tó ti jókòó fún ọdún gbọọrọ, kó ṣáà da epo tuntun sí i kó fa okùn ẹ̀ dáadáa, pé tí ẹ̀mí bá ṣì wà nínú ẹ̀ á jí. Ẹ dákun, okùn yẹn gan-an ló ń pa wọ́n o. Ẹ́ńjìn tí ì bá tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, wọ́n á fà á lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó parí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fi ń sọ ọ́.

Àbúrò bàbá mi ló ni ẹ́ńjìn tí mò ń wí yìí, tú-sítírókù ni, irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, sìlíńdà méjì, agbára ẹṣin 15. Wọ́n lò ó títí ara wọn ò fi gbé e mọ́, ni wọ́n bá gbé e dúró sí kọ̀rọ̀, wọ́n da aṣọ bò ó, ọdún 11 ló lò níbẹ̀ kí n tó gbé e jáde. Mi ò bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Mo dì í mọ́ ara pákó, mo da epo tuntun sí i, mo fa okùn, ó le. Mo tún fà á, ó le. Mo wá fẹsẹ̀ talẹ̀, mo fi gbogbo agbára mi fà á, mo gbọ́ tí nǹkan ha gààràgà nínú lọ́hùn-ún, ó sì yí, inú mi dùn, mo rò pé mo ti borí ẹ̀ nìyẹn. Mo fà á tó ìgbà mẹ́wàá sí i kó tó jí, ó pariwo fún bí ìṣẹ́jú kan láìsí omi kankan nídìí ẹ̀, ó kú, kò sì dáhùn mọ́.

Nígbà tí mo tú orí ẹ̀, mo rí i pé ìpẹtà ti mú ògiri sìlíńdà òkè láti ọjọ́ yìí wá, ríìngì ara písítìn ló wá fi ìpẹtà yẹn ha ògiri náà láti òkè délẹ̀. Mo fi èékánná wọ́ ọ, èékánná mi há sínú ilà náà. Ògiri tí ilà ẹ̀ bá ti jìn tó bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìmpẹ́là inú pọ́ọ̀ǹpù omi, ìyẹn rọ́bà eléwé tó ń yí láti gbé omi lọ tu ẹ́ńjìn lára, ewé 6 ló yẹ kó ní, méjì ni mo bá lára ẹ̀, mẹ́rin yòókù ti ṣẹ́ wọ inú ọ̀nà omi lọ. Mo lọ sọ fún àbúrò bàbá mi, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹni tó bá ti sùn fọnfọn, tó o bá fẹ́ jí i, ṣé wàá kàn fà á lápá ya ni?" Wọn ò pariwo mọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Wọ́n ní òmíràn, kékeré, agbára ẹṣin 6, tó tiẹ̀ dàgbà ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní kí n gbé e wá, wọ́n jókòó tì mí, wọn ò fọwọ́ kan sípánà, ẹnu ni wọ́n fi ń darí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ṣe é kí n tó fa okùn láti jí i. Olóòtú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé jáde fún àwọn òǹkàwé.

Pulọ́ọ̀gì la kọ́kọ́ tú. Wọ́n ní kí n tò ó sílẹ̀ bó ṣe wà, tòkè lókè, tìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, torí ojú pulọ́ọ̀gì máa ń jẹ́ kéèyàn mọ bí inú ṣe rí, èyí tó bá dípẹtà lójú, omi ti wọ sìlíńdà tiẹ̀. A wá da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tó máa ń rá wọ inú ìpẹtà, sínú ihò pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, kò ju bí ẹnu ṣíbí méjì lọ, a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún ni mo wá gbá fláíwíìlì mú, irin róbótó ńlá tó wà lórí ẹ́ńjìn, ọwọ́ lásán ni o, mo yí i jẹ́jẹ́ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Kò lọ. Wọ́n ní fi í lẹ̀, da ọ́ìlì sí i. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ó sún díẹ̀, tó bá tún ṣe mí bíi kí n fi sípánà gígùn tì í wọ́n á ní rárá, kí n ní sùúrù, ìgbà tó yá ló kàn rọra yí wọ́ọ́rọ́ láìsí ariwo kankan. Ọ́ìlì ti gba abẹ́ ríìngì kọjá nìyẹn. Irú ìpẹtà kan náà tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ lè ti wà nínú èyí náà, àmọ́ ọ́ìlì ló gbà á kúrò, kì í ṣe irin.

Ibi tó bá ti yí báyìí lèèyàn ti máa wọn kọ̀mpírẹ́sọ̀n, ìyẹn bí písítìn ṣe lágbára tó láti tẹ afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà. Ẹ yá gééjì tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ ṣí tọ́rótù, ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ́ńjìn ní iná, sílẹ̀ pátá, ẹ tú pulọ́ọ̀gì méjèèjì, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú àwọn tú-sítírókù kékeré àtijọ́ máa ń wà láàárín 90 sí 120 psi (òun ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe tẹ̀ tó), ṣùgbọ́n nọ́ńbà gan-an kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, bí méjèèjì ṣe súnmọ́ra ni. Tí ọ̀kan bá fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀ sí èkejì, ẹ dúró ná, ẹ má ra nǹkan kan sí i, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Tèmi jẹ́ 95 àti 98. Mo lè sọ fún yín pé mo jókòó sílẹ̀, mo mí kanlẹ̀.

Iná pulọ́ọ̀gì ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun tó jẹ mọ́ iná, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń paná ẹ́ńjìn, àwọn mìíràn ní okùn pupa kan tó ní ike lẹ́nu tí awakọ̀ máa ń so mọ́ra, tí ike yẹn ò bá sí níbẹ̀, iná ò ní jáde láéláé, kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìn. Mo mọ ẹni tó ra kọ́ìlì méjì tuntun, ohun tó ń gbé iná fún pulọ́ọ̀gì, nítorí ike tó sọnù. Èyí tó bá ń lo kọ́ńtáàtì, ìyẹn irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pàdé kí iná lè jáde, abẹ́ fláíwíìlì ló wà, ó nílò irin tí wọ́n fi ń fà fláíwíìlì yọ, ẹ má fi òòlù gbá a. Ojú kọ́ńtáàtì á ti ṣú, ẹ fi sáńpépà tó fẹ́lẹ́ jù lọ ra á, ẹ fi bébà mímọ́ nù ún, kẹ́ ẹ wá ṣètò àlàfo àárín ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́ yẹn 0.5 mm ni. Èyí tí kò bá ní kọ́ńtáàtì, tó jẹ́ àpótí iná aláìṣeétú ló wà nínú ẹ̀, ẹ má dá a láàmú tí iná bá ti ń jáde. Tẹ́ ẹ bá sì ń dán iná wò, ẹ gbé pulọ́ọ̀gì jìnnà sí ihò sìlíńdà, torí èéfín epo ló ń ti ibẹ̀ jáde.

Kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, wá nìyí, ká má parọ́, ibẹ̀ niṣẹ́ pọ̀ sí. Epo pẹtiróò kì í dúró bó ṣe wà, láàárín oṣù díẹ̀ ló ti ń bàjẹ́, tó bá wá gbẹ sínú kábúrétọ̀ fún ọdún, á di nǹkan aláwọ̀ pupa rúsúrúsú kan tó le mọ́ inú ẹ̀ bí oje igi tó gbẹ, òórùn ẹ̀ á dà bíi ti ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun àga. Ihò tí epo ń gbà kọjá nínú ẹ̀ kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, nǹkan tó sì kéré bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ki wáyà bọ̀! Ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́, idẹ ni, á fẹ̀, tó bá ti fẹ̀ epo á máa pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó fà á. Ẹ rì í sínú ohun tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wá fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ yọjú wò ó, tẹ́ ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ róbótó, ó mọ́. Sukurú kékeré tó ń ṣètò bí ẹ́ńjìn ṣe ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ò bá fún un ní iná, kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ yí i wọlé pẹ̀lẹ́ títí á fi kan ìsàlẹ̀, ẹ máa ka ìyípo ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè dá a padà síbẹ̀. Tèmi jẹ́ kan àti ààbọ̀, ara ògiri ni mo kọ ọ́ sí, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ fi fóònù ya gbogbo ẹ̀ ní fọ́tò kẹ́ ẹ tó tú sípíríǹgì kankan.

Tó bá jẹ́ èyí tó gbó gan-an, flóòtù inú kábúrétọ̀, ohun tó ń léfòó tó ń dá epo dúró tó bá ti kún, lè jẹ́ kọ́ọ̀kì (èèpo igi tó fúyẹ́), ẹ̀yin ẹ wò ó dáadáa. Ẹtánọ́ọ̀lù, ọtí líle tí wọ́n ń pò mọ́ epo ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ báyìí, máa ń jẹ ohun tí wọ́n fi kun ara kọ́ọ̀kì yẹn, kọ́ọ̀kì á mu epo yó, á rì, epo á sì máa ṣàn jáde. Ẹtánọ́ọ̀lù yìí náà ló ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, nígbà tó bá fà á tó, òun àti omi á jọ ya kúrò lára epo, wọ́n á jọ sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ tánkì, ibẹ̀ gan-an sì ni páìpù ti ń fa epo lọ sí ẹ́ńjìn. Nínú tú-sítírókù, ọ́ìlì tó ń jẹ́ kí písítìn yọ̀ á bá epo dúró lókè, ohun tí ẹ́ńjìn á wá mu kò ní ọ́ìlì nínú rárá. Nítorí náà epo àtijọ́ inú tánkì, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ tuntun. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba irú ẹ̀, ẹ má dà á sílẹ̀, ẹ má dà á sómi. Rọ́bà tí epo ń gbà wọlé àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ fún, ẹ pààrọ̀ wọn, kò sí ohun tá a fẹ́ máa rò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo náà máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Lọ́dọ̀ Johnson àti Evinrude, àwọn tó ń ṣe àútbọ́ọ̀dù, ọdún 1964 ni púpọ̀ nínú ẹ́ńjìn wọn bọ́ sórí 50:1, ìyẹn ìpín 50 epo sí ìpín kan ọ́ìlì, àwọn tó ṣáájú ìyẹn 24:1 ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́. Lítà epo kan, 50:1 jẹ́ 20 ml ọ́ìlì, 24:1 jẹ́ bí 42 ml. Ẹ rí i pé ìlọ́po méjì ni, ẹni tó bá fi ti tuntun fún arúgbó, ó ń fi ebi pa á ni. Kó sì jẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára, ìyẹn ni ti ẹ́ńjìn tí omi ń tù lára, ti ọ̀kadà ò ṣe é fi rọ́pò ẹ̀.

Pọ́ọ̀ǹpù omi ni mo fẹ́ sọ jù o, torí ohun tó pa ti àkọ́kọ́ mi pẹ̀lú ìpẹtà nìyẹn. Rọ́bà ni ìmpẹ́là, ewé ẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ilé ẹ̀, tó bá wá dúró lójú kan fún ọdún mélòó kan, ewé yẹn á gan síbẹ̀, á le bí ike. Omi nìkan ló ń jẹ́ kó yọ̀, tẹ́ ẹ bá jí ẹ́ńjìn láìsí omi, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ti ń jó. Béèyàn bá ń lo ẹ́ńjìn dáadáa pàápàá, ọdún kan sí méjì ló yẹ kó máa pààrọ̀ ẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí èyí tó ti sùn. Ẹ tú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìn, bọ́ọ̀tì mẹ́rin sí mẹ́fà ni lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ rántí pé irin tó ń wọ jíà náà so mọ́ ọn, ẹ tú ìyẹn kẹ́ ẹ tó fà á. Bọ́ọ̀tì tí kò bá fẹ́ tú, ẹ má bínú sí i, irin tí kì í dípẹtà wọ inú alumíníọ̀mù ló fà á, iyọ̀ ti so wọ́n pọ̀, ẹ fi ooru sí i, ẹ fi ọ́ìlì sí i, ẹ kọ́kọ́ yí i díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dì í kẹ́ ẹ tó yí i bí ẹni fẹ́ tú u. Èyí tó bá kán sínú á gba yín ní ọjọ́ kan odindi.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá ìmpẹ́là tuntun wọlé, ẹ fi ọṣẹ olómi ra á, ẹ máa yí ọ̀pá àárín bí ọwọ́ aago ṣe ń yí bẹ́ ẹ ṣe ń ti ilé ẹ̀ sísàlẹ̀, kí gbogbo ewé lè tẹ̀ sí ibi tó yẹ. Tó bá sì jẹ́ pé ewé ti ṣẹ́ lára ti àtijọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé o, ẹ ka iye tó ṣẹ́, ẹ wá wọn títí iye náà á fi pé. Mẹ́rin tèmi yẹn, mo rí mẹ́ta nínú páìpù omi, ẹ̀kẹrin ti gòkè lọ sẹ́nu tẹ̀mósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣètò omi tó ń tu ẹ́ńjìn lára. Ẹyọ rọ́bà kékeré tó tó èékánná ọmọdé yẹn tó láti dínà omi kí gbogbo orí ẹ́ńjìn sì gbóná jó.

Ọ́ìlì jíà ò gba àkókò. Sukurú ìsàlẹ̀ lẹ máa tú kó dà jáde, tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọlé, síìlì, rọ́bà tó ń dí omi lọ́nà, ti lọ. Ẹ yọ fáànù ìdí ẹ̀, ẹ wò ó bóyá okùn ìpẹja ti wé mọ́ ọ̀pá, òun ló máa ń gé síìlì yẹn jù. Ìsàlẹ̀ náà lẹ ti máa fún tuntun wọlé títí á fi jáde lókè, tẹ́ ẹ bá ti òkè da á, afẹ́fẹ́ á há sínú.

Lọ́jọ́ tá a wá fẹ́ fà á, ìta gbangba ni, a ò ṣe é nínú ilé torí èéfín ẹ̀ máa ń pani láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. A yọ fáànù, a gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù, omi bò ó kọjá pẹlẹbẹ tó wà lókè fáànù, a sì tún wò ó pé jíà ò wọ ibì kankan. Ẹ̀kẹrin tí mo fà á ló mú. Èéfín funfun bo gbogbo wa, ọ́ìlì tá a dà sínú sìlíńdà ló ń jó, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Àbúrò bàbá mi ò wo èéfín, ẹ̀yìn ẹ́ńjìn ni wọ́n ń wò, níbi ihò tí omi tó ti tu ẹ́ńjìn lára ń gbà jáde, wọ́n na ọwọ́ síbẹ̀ wọ́n ń dúró. Ó kọ́kọ́ kán tótó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀, omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, ó ń bà wọ́n láàárín àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní, "Ó ń tọ̀. Ó ti yè." Ẹ̀yin tí tiyín bá gbó débi pé kò ní ihò ìtọ̀, ẹ fọwọ́ kan orí sìlíńdà, tó bá gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè gbà, ẹ paná kíá.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa sọ pé kí ló dé tá a ń da ara wa láàmú, ṣé kéèyàn má kàn ra tuntun ni. Wọ́n á tún ní tú-sítírókù ń ba omi jẹ́, òótọ́ ni, mi ò bá wọn jiyàn, epo tí kò jó tán ń bá èéfín ẹ̀ lọ sínú omi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fòfin de tú-sítírókù oní-kábúrétọ̀ lórí adágún Tahoe ní Amẹ́ríkà láti 1999. Ibi tí òfin bá ti kọ̀ ọ́, ẹ má gbé e débẹ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n fọ kábúrétọ̀ ẹ̀ tí wọ́n sì wọn ọ́ìlì ẹ̀ bó ṣe yẹ yàtọ̀ sí èyí tó ń tú èéfín dúdú kiri. Àwọn tó ṣe wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n lè ṣeé tú ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Evinrude pàápàá dá a dúró ní 2020, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 110 tí Ole Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1909, síbẹ̀ ìmpẹ́là àti gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín irin méjì kó má jò) wọn ò wọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì ń ṣe é. Ẹ́ńjìn tó dàgbà ju èmi lọ, tí mo lè fọwọ́ ara mi tú, tí mo lè fọwọ́ ara mi tò padà, mi ò lè jókòó kí n máa wò ó kó lọ sí ààtàn nítorí pé ẹnì kan kánjú fa okùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, Olóòtú, ni pé kẹ́ ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lójú ewé kan náà, kẹ́ ẹ sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n tú pulọ́ọ̀gì, kí wọ́n da ọ́ìlì, kí wọ́n dúró, kí wọ́n sì pààrọ̀ ìmpẹ́là kí ẹnikẹ́ni tó fa okùn láti jí ẹ́ńjìn. Kẹ́ ẹ sì bá mi fi kún un pé àwo kékeré kan wà lára ibi tí wọ́n fi ń dì í mọ́ ọkọ̀ tí nọ́ńbà módẹ́lì wà, kí wọ́n fi bébà lé e lórí kí wọ́n fi pẹ́ńsù ra á tí kò bá hàn mọ́, torí nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á mú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìmpẹ́là.

Ẹ́ńjìn agbára ẹṣin 15 yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti bá mi gbẹ́ sìlíńdà ẹ̀ fẹ̀ sí i, mò ń retí písítìn tó máa bá a mu.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan